Èyí Tó Dúró Ni Kí Ẹ Gbà Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Èmi fúnra mi ti bú ara mi kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi bú mi. Àmínù lorúkọ mi, mónítọ̀ tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Alékúwodò, l'Óṣogbo, ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá sọ́dọ̀ wa. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Ànti Phebe ni.

Iléṣà ni Ànti Phebe ń gbé. Òun ló ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà níbẹ̀: á to orin, á to ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, á tún fọ́tò ṣe, kó tó kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Obìnrin náà kì í kánjú, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí lẹ́tà kan bá fò nínú orúkọ òkú, á ní kí wọ́n tún odidi ojú ewé náà tẹ̀. Á ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń kú, ẹ jẹ́ ká pe orúkọ ẹ̀ dáadáa.”

Oṣù kejì ọdún tó kọjá ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mónítọ̀ méjì ló fẹ́, ọ̀kan tó máa dùbúlẹ̀ gbalaja bí gbogbo mónítọ̀ ṣe ń dùbúlẹ̀, èkejì tó máa nàró ṣánṣán, kí odidi ojú ewé kan lè hàn lórí ẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu o, Àmínù. Orúkọ kan náà, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà. Mi ò fẹ́ gbé fọ́tò láti ibí sọ́hùn-ún kí ojú òkú yí padà mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ìjẹ̀ṣà! Wákàtí mẹ́ta ló lò. Ó ti fi fọ́tò ara ẹ̀ sínú fíláàṣì wá látilé, ó ń gbé e sórí mónítọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń ti apá ọ̀tún wò ó, ó ń ti apá òsì wò ó. Ó ní èyí sọ òun di òyìnbó, ìyẹn sọ òun di èédú. Mo ní, “Ànti, ṣé mónítọ̀ lẹ fẹ́ rà àbí ọkọ lẹ fẹ́ yàn?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ yíyàn ò le tó báyìí. Nígbà tó yá, ó rí méjì tó wù ú. Ó gbé ọ̀kan nàró, ó tẹ́ èkejì, ojú ẹ̀ sì dọ́gba lórí méjèèjì. Ó ní kí n gbé wọn wá bá òun nílé lọ́jọ́ Sátidé.

Àárọ̀ Sátidé yẹn ni èyí tó nàró bọ́ lọ́wọ́ mi. Mò ń jà pẹ̀lú onímọ́tò kan tó ń fọn fèrè mọ́ mi létí, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e, ó di gbàgà nílẹ̀, ojú ẹ̀ sán. Ó yẹ kí n pe Ànti Phebe. Fóònù wà lápò mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wo orí pákó, mo rí òmíràn: orúkọ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Inú wọn nìkan ni kì í ṣọ̀kan. Mo mọ̀, torí oníbàárà kan ti dá a padà rí. Tó bá dùbúlẹ̀, kò burú. Tó bá ti nàró, àwọ̀ á ṣí lára ẹ̀, ojú èèyàn á wá funfun bí ẹni tó kun pọ́ńdà jù. Mo ní ta ló máa mọ̀?

Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e nàró sórí tábìlì obìnrin náà n'Íléṣà. Ó ní, “Ṣé àwọn tí mo yàn gan-an nìyí?” Mo ní, “Àwọn gan-an ni, Ànti.” Ó gúnyán fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyàwó Bàbá Barnabas Awóníyì fi kú. Tíṣà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́ Ànti Phebe níwèé. Ojú ẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ fún un pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní rí nǹkan kan mọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá yẹn ní tó dáa, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbá gbé e fún Ànti Phebe, ó ní, “Jẹ́ kó kún ojú ewé kan fún mi. Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀, mo fẹ́ rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi.”

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìsìnkú ni fóònù mi dún.

“Àmínù, ojú ìyá yìí funfun lórí èyí tó dúró, ó dúdú lórí èyí tó sùn. Èwo ni kí n gbà gbọ́?”

Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń bímọ. Tí mo bá ní kó gba èyí tó sùn gbọ́, á béèrè ohun tó ṣe èyí tó dúró. Ojú ń tì mí. Mo ní, “Èyí tó dúró ni kí ẹ gbà gbọ́, Ànti. Èyí tó sùn yẹn ló ti ń gbó díẹ̀.”

Ó ní, “Ọlọ́run á bù kún ẹ.” Mo ṣàmín sí i!

Ó gbà mí gbọ́. Ó ń fi dúdú kún fọ́tò náà títí ìyá fi jọ ara ẹ̀ lórí èyí tó dúró, ó sì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Mo níṣẹ́ n'Íléṣà lọ́jọ́ ìsìnkú, Ànti Phebe sì ní kí n yà jẹun. Mo jókòó sábẹ́ kánópì, mò ń jẹ ìrẹsì, nígbà tí wọ́n gbé ìwé fún Bàbá. Ó ṣí i, ó gbé e sún mọ́ imú. Ó dìde, ó bọ́ sínú oòrùn, ó tún gbé e sókè. Ojú ewé náà dúdú kirikiri, ẹyinjú nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Ilà kankan ò sí.

Ó ní, “Phebe, ṣé ojú mi ló ti lọ tán ni, àbí ìyá ni ò sí níbí?”

Àkọ́bí wọn, Olúwajùwọ́nlọ, gba ìwé náà, ó wò ó, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ó ní ṣé èédú ni wọ́n fi ya ìyá àwọn ni. Ànti Phebe kúnlẹ̀ síbẹ̀ níṣojú gbogbo ìjọ, ó ní, “Ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ojú mi ló tàn mí jẹ.” Ó ní òun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gba fọ́tò ìyá lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ojú ìyá àwọn mọ́ láé. Kò dárúkọ mónítọ̀, kò dárúkọ mi. Ìrẹsì wà lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó oṣù mẹ́ta. Mò ń kírun, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Àsmá'ù ìyàwó mi ní kí ló ń ṣe mí, mo ní ibà ni. Ibà tí kì í gbóná! Lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè, Ànti Phebe ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìró di mónítọ̀ méjèèjì, ó sì ti wọ awò ojú.

Ó ní, “Ojú mi ti bàjẹ́, Àmínù. Mo gba awò, bí mo bá fi wo nǹkan, orí ló ń fọ́ mi. Iṣẹ́ ò sì wá mọ́. Bá mi tà wọ́n fún ẹni tójú ẹ̀ ṣì dáa.”

Yéè! Ojú tó mọ àwọ̀ ju ojú gbogbo Alékúwodò lọ, èmi ni mo gbé awò lé e. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ṣọ́ọ̀bù níṣojú àwọn oníbàárà. Mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí èyí tó fọ́ dórí ohun tí mo sọ lórí fóònù.

Ó bọ́ awò náà, ó ká a, ó fi í sínú báàgì.

“Nígbà tí mo kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọ yẹn, o wà níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀, Ànti.”

“Ò ń jẹun.”

“Mò ń jẹun.”

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ó ní, “Dìde. Wá èyí tó dáa. A máa tún ojú ìyá ṣe, ìwọ fúnra ẹ lo sì máa gbé e fún Bàbá.”

Ẹ̀dà fọ́tò náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, ìyá ti jáde lórí ìwé, ó ń dán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ilà mẹ́ta-mẹ́ta sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kedere.

Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A wọlé, kò yíjú sí wa. “Ta nìyẹn?” Ojú ọ̀sán gangan ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó mú un dání ní ìbú. Ànti Phebe rọra yí i nàró fún un.

Ó ní, “Ṣé ilà ẹ̀ hàn?”

“Ó hàn, sà. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì.”

“Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi ni, sà.”

Ó kọjú sí ibi tó ti ń gbúròó Ànti Phebe. “Phebe, ṣé kí n gbà á gbọ́?”

Ànti Phebe wò mí, wò mí. “Ẹ gbà á gbọ́ tòní, sà,” ó wí.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá ilà náà lórí ìwé. Ọrùn ìyá ló ń fọwọ́ pa. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.