Ẹni Tó Parí Ìwé Tísà

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé mi nígbà tí mo tú ìdí kọ̀ǹpútà alágbèéká náà. Yàrá òkè ni a wà ní Ẹ̀pẹ́, nínú ilé kékeré tí a ń kó ìwé àti ohùn àwọn àgbà pamọ́ sí, fèrèsé wa sì kọjú sí ọ̀sà. Mo rò pé atẹ́gùn ló gbé òórùn náà wọlé láti ọjà ẹja, mo bá dìde lọ ti fèrèsé. Mo padà jókòó, òórùn náà ṣì wà níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ gan-an ló ti ń jáde. Èéfín ti lẹ̀ mọ́ fáànù rẹ̀ bí ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà yẹn. Ìkòròdú ni mo ń gbé, láràárọ̀ ni mo ń wọkọ̀ ní Gáréèjì lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn ará ilé mi sì gbà pé kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Kì í ṣe àtúnṣe rárá. Ohun tí àwọn èèyàn kọ sórí kọ̀ǹpútà, tí wọn kò tẹ̀ sórí bébà rí, òun ni à ń wá kí ó má baà bá ẹ̀rọ náà kú. Irú ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́pàá fi ń wádìí kọ̀ǹpútà ọ̀daràn ni àwa fi ń tọ́jú ti olóògbé.

Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ijede ló ni eléyìí. Ó ti lé ní ọdún kan tí bàbá náà ti kú. Gbogbo àwa tí a fẹ́ràn èdè wa lágbègbè yẹn la mọ̀ pé ó ń kọ ìwé kan: orúkọ ẹja, orúkọ afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń lò fún omi nígbà tó bá ń kúrò ní omi dídùn tó ń di omi iyọ̀. A kò mọ ẹlòmíràn tó ń kọ irú rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, ló gbé ẹ̀rọ náà wá nínú àpò ìrẹsì. Kò tàn mọ́. Ó fẹ́ kí a bá òun yọ ìwé bàbá òun jáde kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, kí fọ́tò bàbá sì wà níwájú.

Ọ̀gá wa obìnrin ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: a kò gbọ́dọ̀ tan kọ̀ǹpútà olóògbé. Ó ní bó bá ti tàn báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan tirẹ̀ sórí ohun tí à ń wá. Nítorí náà, háàdì dísíìkì rẹ̀ nìkan ni mo yọ. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń jẹ́ ká kà á láìkọ ohunkóhun sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ló gbà. Dísíìkì náà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Bó bá dákẹ́, èmi náà á dá èémí dúró. Búrẹ́dì tí mo rà láàárọ̀ wà lórí tábìlì, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀dà ti pé, àfi ibi díẹ̀ tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Orí mẹ́sàn-án ni ìwé náà, ó sì dùn ju bí a ṣe rò lọ. Inú wa ń dùn títí mo fi wo ọjọ́ tí wọ́n kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Orí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, àwọn tó dùn jù níbẹ̀, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ikú Tísà ni ẹnìkan ṣì ń kọ wọ́n.

Ọ̀gá wa bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé aago kọ̀ǹpútà náà ló ṣìnà?"

Mo ti yẹ aago náà wò nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ṣe sórí dísíìkì. Kò ṣìnà.

A tẹ ọmọ Tísà láago. Kò fara balẹ̀ gbọ́ wa tán. "Ṣé ẹ ń sọ pé bàbá mi kọ́ ló kọ ìwé ara rẹ̀ ni? Kò sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà lò nílé yẹn. Màmá mi nìkan ló wà níbẹ̀!" Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá gbé ẹrù òun. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá wa náà ní tirẹ̀: bí a kò bá mọ ẹni tó kọ orí mẹ́ta yẹn, a ò lè fi orúkọ Tísà sí wọn. Àfi ká yọ wọ́n kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ wo àwọn ohun tí wọ́n ti pa rẹ́. Ohun téèyàn bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kì í tètè lọ. Orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń mú kúrò. Òun fúnra rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi gba àyè rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ojú ìwé kan tí kò ní àkọlé. A, b, d ló kún ibẹ̀, ìlà lórí ìlà. Lẹ́yìn náà "eja", "ejaa", "ẹja". Nísàlẹ̀ pátápátá: "Tísà ti sùn. Ọwọ́ mi kò tíì yá. Lọ́la màá gbìyànjú ẹja ọ̀bọ̀kún." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú tì mí, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn yàrá onílé. Mo wá rántí èéfín inú fáànù, mo sì mọ ibi tó yẹ kí n lọ.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ijede. Màmá náà wà lẹ́yìnkùlé nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà. Tábìlì Tísà wà lábẹ́ àtíbàbà, kò jìnnà sí iná náà rárá. Mo kí i, mo ní ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ ló rán mi, mo fún un ní bébà tí mo tẹ̀ jáde. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó rọra kà á, ètè rẹ̀ ń mì.

"Mo ti pa eléyìí rẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ̀rọ wa ló hú u jáde, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó jókòó sórí àpótí. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ yọ tèmi kúrò ni?"

Nígbà tí mo ní rárá, ló tó sọ̀rọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ọwọ́ ọ̀tún Tísà, ó bá ní kí ìyàwó òun wá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìwé mẹ́fà péré ni màmá kà. Tísà á pe ọ̀rọ̀, òun á máa wá a ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, á dìde lọ yí ẹja, á padà wá. "Nígbà tó yá, ahọ́n rẹ̀ wúwo, kò lè pè é mọ́. Á kàn máa wò mí. Mo bá ń kọ èyí tí mo mọ̀."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ̀ ọ́n, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta lo rò pé ó sọ orúkọ ẹja fún Tísà? Ará òkè ni! Nígbà tí wọ́n gbé e wá síbí, èpìyà ni gbogbo ẹja lójú rẹ̀. Etí omi ni wọ́n bí èmi sí." Ó nawọ́ yí ẹja kan padà. "Nígbà tó kú, mo rí i pé ìwé náà ò tíì tán. Kò yẹ kó dúró síbẹ̀."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fáwọn ọmọ. Ó ní ìwé bàbá wa, ìwé bàbá wa, ni wọ́n ń sọ, inú wọn sì ń dùn. Kí ni òun fẹ́ wí? Ó gbà kí a lo orí mẹ́ta náà, ojú ìwé tó wà lórí bébà ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kọ̀ fún wa. "Ẹ pa á rẹ́. Àṣìṣe ló kún inú rẹ̀." Mo ṣèlérí fún un, àmọ́ ọkàn mi wúwo bí mo ṣe ń padà sílé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti hú jáde nínú kọ̀ǹpútà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, màmá àti ọmọ rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọ náà jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ọ̀gá wa bẹ màmá pé kó ka orí kẹjọ fún wa. Ó kà á dé ibì kan, ó dúró. "Mo ṣì í kọ níbí. Òjò gbọ́dọ̀ ti dá kí ẹja ṣáwá tó wọlé." Ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sí i, ó wá ṣàlàyé bí àwọn obìnrin ṣe máa ń tọ́ omi wò lórí ahọ́n láti mọ̀ bóyá ẹja ń bọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

"Màámi," ni ọmọ rẹ̀ ní, "ẹ ò sọ fún wa."

"Ẹ ò bi mí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ọkùnrin náà dìde, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n máa kà á lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, màmá béèrè bóyá a ti pa bébà ọjọ́sí rẹ́. Ọ̀gá wa ní, "Ó ku kí ẹ fọwọ́ síwèé, mà." Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó tún wò wá. "Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Kí wọ́n rí i pé mo kọ́ ọ kí n tó kọ ọ́."

Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lára ìwé náà lọ́dọ̀ wa báyìí. Èmi náà kò sì ṣe iṣẹ́ yẹn bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà kan, bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà wá, ìbéèrè mi kò ju ta ló ni ín lọ. Ní báyìí, mo máa ń béèrè ẹni tó bá olóògbé gbélé, ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un, ẹni tó máa ń rán an létí ọ̀rọ̀ tó bá sọnù lẹ́nu rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà á ti tẹ̀ lé wọn wá, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Mo máa ń dìde lọ gbé àga fún un.