Gílóòbù Ọkọ Mi

Ọwọ́ òsì ọkọ mi kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀ tó bá ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Muṣin. Ó ní tí iná bá gbé òun, kó má baà gba àyà òun kọjá. Kì í sì í ki tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́ bọ iná tààrà. Gílóòbù kan ló máa ń fi sáàárín iná àti tẹlifíṣọ̀n náà. Tí gílóòbù yẹn bá ń tàn yòò, ibi tí iná ń gbà wọlé kò tíì dáa. Tó bá tàn díẹ̀, tó wá rọlẹ̀, á rẹ́rìn-ín: "Ó ti gbọ́ràn."

Tẹlifíṣọ̀n tiwa ló máa ń gbẹ̀yìn. Tí mo bá ráhùn, á ní, "Ìyá Ìbejì, tiwa ló kàn." Ọ̀rọ̀ yẹn sú mi!

Lọ́jọ́ kan, ó lọ sí Kọ́sítéènì láti ra nǹkan tó fẹ́ fi tún ti oníbàárà kan ṣe, ló bá ṣubú lulẹ̀. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn tá a sin ín, mo lọ kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù. Tẹlifíṣọ̀n tiwa wà lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Inú bí mi, mo rò pé kò tíì tún un ṣe. Mo fi gílóòbù sáàárín, mo tan iná.

Gílóòbù tàn díẹ̀, ó rọlẹ̀. Àwòrán yọ.

"Bàbá Ìbejì," mo ní, "ó ti gbọ́ràn o."