Ìkòkò Tábà Láti Ogun Bọ́mà

Èéfín sìgá lásán ń mú mi wúkọ́, síbẹ̀ ìkòkò tábà mọ́kànlá ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ní Ìlaròó. Ìyàwó mi ní ó ku díẹ̀ kí wèrè mi wọjà. Àwọn sójà tó lọ ogun Bọ́mà ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ gbogbo wọn nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo sì ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn.

Èyí tó wà ní Ìmẹ̀kọ kì í ṣe títà. Màmá tó ni ín ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Inú ìyá wọn ni wọ́n ṣì wà nígbà tí bàbá wọn lọ sójú ogun, bàbá náà ò sì padà. Ọ̀rẹ́ bàbá tí wọ́n jọ lọ sógun ló mú ìkòkò náà wálé. Ó ní orúkọ tí olóògbé fẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ kọ sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, ọ̀rẹ́ náà ò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀wé nínú ilé. Ìyá màmá ń fi mu tábà títí tó fi kú, èédú àti òróró ọwọ́ sì bo gbogbo lẹ́tà náà.

“Bá mi kà á kí n tó lọ,” ni màmá wí fún mi lórí fóònù. “Orúkọ tí bàbá mi fún mi, n ò mọ̀ ọ́n.”

Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ní kí wọ́n bá mi mú ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò kí n tó dé. Mo rò pé aṣọ tútù ni wọ́n máa fi nù ún. Mo gbàgbé pé nílé wọn, a kì í gbé ohun tó dọ̀tí síwájú àlejò.

Nígbà tí mo dé, màmá tú gèlè tí wọ́n fi wé e. Wọ́n ti gbé e fún káfíńtà. Ó ti fi sanpépà ha á kúnná, ó sì kùn ún ní fánìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dán bí ẹsẹ̀ àga tuntun.

“Ó mọ́, àbí?” Inú wọn ń dùn. “Ó yá, kà á.”

Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo gbé e jáde sínú oòrùn. Mo fi èékánná wá ipa ọ̀bẹ, kò sí. Inú bí mi sí káfíńtà, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló pàṣẹ. Irọ́ kan wá sí mi lẹ́nu, orúkọ tó dáa ni. N ò lè sọ ọ́.

“Màmá, ó ti parẹ́. Èmi ni mo fà á.”

Wọ́n gba ìkòkò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàńpàkò pa á lára, wọ́n wá rọra bi mí:

“Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà nìkan ńkọ́, o ò rí i?”

Mo ní n ò rí i.