Ikọ́ Tíṣà Jímọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èmi ni olórí ẹ̀ka ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Gàmbàrí. Jímọ̀ ló ń kọ́ kíláàsì àṣekágbá, kò sì sí ẹni tó mọ ìṣirò í kọ́ tó o láàárín wa. Ikọ́ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgò oògùn ikọ́ kì í wọ́n nínú dúróà rẹ̀. Gbogbo wa di oníṣègùn lé e lórí. Ẹnìkan gbé oyin wá, ẹlòmíràn orógbó. Ọ̀gá wa ní kó máa jẹ atalẹ̀.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ló tú àṣírí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò húkọ́ rárá, ṣùgbọ́n òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ṣọ́ọ̀kì já bọ́. Mo tẹ̀lé e dé yàrá tí a ń kó ìwé sí, mo bá ìgò lẹ́nu rẹ̀.

"Jímọ̀, ṣé ikọ́ náà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ikọ́ ti lọ tipẹ́. Oògùn ni ò lọ."

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìgbádùn ló ń ti àwọn tí oògùn ti di bárakú fún sídìí ìgò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jímọ̀ ń mu ún kó tó lè dá dúró ni.

Mo sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹbí ní àlùjọ̀nnú ni, wọ́n bá gba hàǹtú fún un, omi tí àáfà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Ilé ẹ̀kọ́ ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Bí kò bá yá kí ìsinmi tó parí, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo lọ kí i, Ìyá ní wọn kì í fipá mú un mu hàǹtú mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè. Jímọ̀ jókòó sórí ẹní, ó ń tòògbé. Mo gbé ìgò hàǹtú kúrò lórí àga kí n lè jókòó. Òórùn oògùn ikọ́ ló gba imú mi. Jímọ̀ ti da hàǹtú nù, ó rọ tirẹ̀ sí i.

"Ìyá, èyí kì í ṣe hàǹtú."

Ìyá gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó rọra dé e.

"Mo mọ̀, Tíṣà. Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Bí ò bá mu ún, kì í mọ̀ mí ní ìyá."

Nígbà tí a wọlé padà, mo wọ kíláàsì rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kọ́ wọn dé.