Ilà Ojú Lára Èèkù Ọ̀bẹ

Bàbá ìyá mi fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ ara èèkù ọ̀bẹ kan, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gbé ọ̀bẹ kíká náà lé mi lọ́wọ́.

"Dijú. Fọwọ́ ra á. Níbo ni igi parí sí?"

Mo fọwọ́ ra á títí, n kò mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára.

Ara rọ́bínẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́, ni ó ti ń rí idẹ. Á fi òòlù lù ú di pẹlẹbẹ, kéú, kéú, á gé e bí ewé, á gbẹ́ igi àpá tó fi ṣe èèkù kí ó jìn tó ìnípọn idẹ náà gẹ́lẹ́, á wá tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ojú idẹ yìí ni ó ń kọ ilà ojú ẹni tó ni ọ̀bẹ sí. Bí ọ̀bẹ bá bọ́ sóko ní Ikpinlè ìlú wa, ẹni tó bá rí i á mọ ilé tí yóò dá a padà sí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ilà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ nílé wọn, láti orí imú sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́: apá òsì fún ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé, apá ọ̀tún fún ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé. Ilà tó bára mu ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ni ọwọ́ Bàbá mọ̀. Ó jókòó kọjú sí i, ó ń wò ó, ó ń kọ, ó gbàgbé pé òsì ẹni tó kọjú síni, apá ọ̀tún wa ni: ilà òsì ọmọ náà bọ́ sí apá ọ̀tún idẹ.

Ọmọkùnrin náà kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gba ọ̀bẹ.

"Baba, ta lẹ kọ síbí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Ẹ wá wò ó o! Baba ti gbé mi kúrò nílé bàbá mi!"

"Kúkú lọ gba oko nílé ìyá ẹ!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Òun àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ń fa ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà náà.

Bàbá ìyá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. "Má bínú, ọmọ mi. N kò lè fi irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́."

Èmi tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi dúdú fún èédú. Ìwọ̀sí ni ó pe ohun tí mo jẹ́. Ó gbójú sókè, ojú wa pàdé, òun ló kọ́kọ́ wolẹ̀. Títí ó fi kú, kò kọ ilà sí idẹ mọ́, a kò sì sọ ọ́ rí.

Mo ń ṣe ọ̀bẹ báyìí. Èmi ni mo kọ́ ara mi ní èyí tó kù, mo sì ba igi jẹ́ kó tó mọ́ mi lọ́wọ́. Idẹ lásán ni mo ń fi sí i, títí obìnrin kan fi wá láti Tatonnonkon ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí pé kí n kọ ojú òun sí i. Ilà kan ṣoṣo ló wà lójú òun náà.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, apá wo ni?"

"Ọ̀tún mà ni! Ilé ìyá mi ni mo ti wá, ṣé ẹ ò rí ojú mi ni?"

Mo kọ ọ́. Ilà náà tín-ín-rín, ó mọ́, kò yẹ̀ níbì kankan. Ọwọ́ mi kò tíì ṣe èyí tó dára tó o rí. Àmọ́ nígbà tí obìnrin náà pariwo yẹn, èmi ni mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan gbọ́.