Igbe Mi Ni Ó Fi Ń Wá Ẹja

Bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni mo máa ń rántí, níbi tó jókòó sí létí odò: "Wọ inú ẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹ."

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ rí, nígbà tí odò kún lọ́nà Ayéwá. Láti ìgbà náà, bí omi bá ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀ mi, ẹ̀rù á bà mí; bó bá wá jìn, igbe ni mo máa ń ké. Àwọn ará ilé ń káàánú mi, ṣùgbọ́n òun sọ mí di irinṣẹ́. Ó ní lásìkò ọyẹ́, nígbà tí odò bá fà, inú kòtò jíjìn lábẹ́ igi tó wó sómi ni ẹja ń kó jọ sí. Ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Ibi tí mo bá ti kígbe ló ń ju ìwọ̀ sí, ẹja kì í sì í wọ́n ọn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìyàrà, ó sì ti ṣèlérí ọbẹ̀ àrọ̀ fún wọn. Ojú tì mí pé àgbà bíi tèmi ṣì ń kígbe lódò. Omi mù mí dé àyà, mo pa ẹnu mọ́, n kò kígbe.

"Kò jìn," ló wí. "Ká lọ síwájú."

Títí di ọ̀sán, akàn kan péré la rí.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ pé mo pa igbe mọ́ra, ó rọra ká okùn ìwọ̀ rẹ̀.

"Okun o, akọni," ló fi kí mi, bí a ti ń kíra nílùú wa. "Ta ló ní kí o láyà? Ó yá, lọ sọ fún àwọn àna mi pé ẹ̀rù kì í bà ọ́ mọ́. Kí wọ́n fìyẹn jẹyán."