Ìjà Tí A Jà fún Aago Mẹ́sàn-án Lásìkò Ọyẹ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti lé ní ọdún méjìlá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka tiwa ní Kàbbà nígbà náà. Irun orí mi ṣì dúdú, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùkọ́ mẹ́ta kan wá bá mi nílé, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé agbègbè wa, láti Kàbbà títí dé Mopa, máa wọlé ní aago mẹ́sàn-án bí ọyẹ́ bá ti mú. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ ja irú ìjà bẹ́ẹ̀, mo sì borí, kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Mo ní n kò lè wá pariwo mọ́, ṣùgbọ́n mo lè kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ púpọ̀. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ.

Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa lè rò pé ọyẹ́ kò ju kí ètè gbẹ kí gìgísẹ̀ sì là lọ. Àárín òkè ni Kàbbà wà. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, ìkùukùu a máa bo ìlú mọ́lẹ̀ láàárọ̀ débi pé ẹni tó wà ní òdìkejì títì kò ní rí ọ, ohùn rẹ ló máa fi mọ̀ ọ́. Aago méje ààbọ̀ ni agogo ilé-ìwé wa ń dún, ṣùgbọ́n aago méje ni àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ti dé láti gbálẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, orí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àsíá ni yóò kúnlẹ̀ sí títí a ó fi gbàdúrà tán. Lásìkò ọyẹ́, àwọn tó kúnlẹ̀ a máa pọ̀ ju àwọn tó dúró lọ. Èmi náà ti fi ọmọ kúnlẹ̀ níbẹ̀ rí, n ò ní purọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni Sálámátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó wà ní kíláàsì mi. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀lùbọ́ káàkiri ọjà. Iye Sálámátù là ń pè é, torí iye là ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òtútù bá ti mú un, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á máa sunkún bí ẹni tí wọ́n ń nà. Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àsíá, kò lè dìde mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá bá mi. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Okun o, Tíṣà," ló kí mi, bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa.

"Okun, Iye Sálámátù. Ara ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà nílẹ̀. Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ìjọba jà nítorí owó oṣù, ṣé ẹ ò lè bá èèyàn kan ṣoṣo jà nítorí òtútù?"

Ojú tì mí. Ibẹ̀ ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe láti inú ọgbọ́n orí mi.

Hẹ́dímásítà wa ni èèyàn kan ṣoṣo tó ń wí yẹn. Ọkùnrin gbọọrọ ni, ó fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀, ẹ̀rín ló fi rín mi.

"Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé, ṣé òní ni ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn lọ sílé-ìwé nínú ọyẹ́ tó ju èyí lọ. Mo sì wà láàyè."

"Ọ̀gá," ni mo dá a lóhùn, "àwọn tí kò sí láàyè mọ́ ò lè wá jẹ́rìí."

Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà pé kí n máa lọ.

A kò da iṣẹ́ sílẹ̀. Bí olùkọ́ bá da iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ̀ láti ṣí rẹ́jísítà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹni tí a kò bá tíì pe orúkọ rẹ̀, kò lè pẹ́. Bí hẹ́dímásítà bá ní kí ọmọ kan kúnlẹ̀, olùkọ́ á ní, "Sà, a ò tíì bẹ̀rẹ̀." Àwọn ìyá náà wá jókòó sí ẹnu géètì láàárọ̀, Iye Sálámátù ló ṣáájú wọn, wọ́n gbé ìkòkò kúnú gbígbóná ka iná, wọ́n sì ń bu fún gbogbo ọmọ tó bá ti ń dé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe é. Nígbà tó yá, alábẹ̀wò kan wá láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó wa. Ó wo rẹ́jísítà tó ṣófo, ó wo àwọn obìnrin, ó wò mí.

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ọyẹ́ ni, sà."

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòun nìkan, kí a pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni kí a ṣe. Ó mu kúnú kó tó lọ.

Ìpàdé yẹn kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo sọ̀rọ̀, ẹnu mi sì dùn lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ń gbọ́. Bàbá àgbẹ̀ kan tí a ń pè ní Bàbá Ìkòyí, torí pé Ìkòyí ní Ìjùmú ló ti wá, dìde sọ̀rọ̀. Ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló ní nílé-ìwé wa.

"Aago mẹ́sàn-án kẹ̀? Aago mẹ́fà ni mo ń lọ sóko. Ta ni kí n fi àwọn ọmọ yìí tì títí di aago mẹ́sàn-án? Ṣé adìẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tó yẹ kí n dá a lóhùn, ohun tí mo sọ ni pé, "Bàbá, ayé ti kọjá ọ̀rọ̀ oko." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi pe àgbà ní wèrè lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì yìn mí. Bàbá Ìkòyí jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Nígbà tí a nawọ́ sókè, tiwa ló pọ̀ jù.

Ó wá ku kí a kọ àdéhùn. Hẹ́dímásítà jókòó síwájú mi, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ó dáa," ló wí, "aago mẹ́sàn-án náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi yàrá kan sílẹ̀ ní ṣíṣí láti aago mẹ́fà, fún àwọn tó bá tètè dé."

Mo mọ ọkùnrin yìí. Ẹni tó bá tètè dé, ìgbálẹ̀ ló máa bá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, a mọ̀ yín. Ìgbálẹ̀ lẹ fẹ́ tọ́jú sínú yàrá yẹn."

Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. "Ọwọ́ ẹ̀yin ni báírò wà," ló sọ.

Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣí géètì tàbí ilẹ̀kùn kankan kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù. Mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. Mo kà á fún àwọn ìyá lẹ́nu géètì, mo yára kà á, nítorí gbogbo wa ti ń jó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà Aago Mẹ́sàn-án. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Orúkọ yẹn sì dùn mọ́ mi nínú.

Kò ju ọjọ́ kẹrin lọ lẹ́yìn àdéhùn náà. Ọjọ́ ọjà Odò-Ẹrẹ̀ ni, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọlọ́jà kì í dúró de ẹnikẹ́ni ju aago mẹ́fà lọ. Iye Sálámátù fi súwẹ́tà méjì wọ ọmọ rẹ̀, ó sìn ín dé géètì, ó sì lọ wọkọ̀. Ó gbà pé ilé-ìwé tó jà fún ọmọ òun kò ní ṣàì gba ọmọ òun sílé. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọ tó lé ní ogún ló ti wà níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá Ìkòyí wà lára wọn. Àwọn òbí wọn ti lọ sóko, wọ́n ti lọ sọ́jà. Tẹ́lẹ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé-ìwé máa ń ṣí géètì nítorí àwọn tó fẹ́ gbálẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n jókòó sórí símẹ́ńtì lábẹ́ ògiri, ìkùukùu bò wọ́n.

Níbo ni èmi wà? Orí ibùsùn. Ilé mi kò jìnnà sí ilé-ìwé, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo ń jẹ èrè ìjà mi.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo dé. Géètì ti ṣí nígbà náà, ṣùgbọ́n Sálámátù ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ ògiri, ẹ̀wù àwọ̀lékè ọlọ́dẹ wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù yí i ká. Kò sunkún mọ́. Mo bi ọlọ́dẹ pé kí ló dé tí kò ṣílẹ̀kùn nígbà tó rí i pé ara ọmọ kò yá. Ọkùnrin náà ń gbọ̀n, torí ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún ọmọ.

"Tíṣà, ìwé yín ni mo tẹ̀ lé. Ẹ̀yin lẹ fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì."

A fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọsibítù. Kò kú. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde, dókítà sì sọ pé egungun ìbàdí rẹ̀ kan ti bàjẹ́, kò sì ní bọ̀ sípò mọ́. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ì bá bú mi! Ohun tó sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀ ni pé, "Tíṣà, èmi náà jókòó sẹ́nu géètì yẹn. Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ ń ka ìwé náà. N ò gbọ́ ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n ti ọmọ mi mọ́ta."

Hẹ́dímásítà kò yọ̀ mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí yàrá kan, ó jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó tètè dé, ìgbálẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. A tún àdéhùn kọ, a sì pín ara wa sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti máa jókòó tì wọ́n. Ó lọ dáadáa fún ọyẹ́ méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé hẹ́dímásítà lọ sí ibòmíràn, èmi fẹ̀yìntì, olúkálukú bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Yàrá yẹn kò ṣí mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wá bá mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. A ṣẹ́gun. Aago mẹ́sàn-án dúró ní ilé-ìwé yẹn títí dòní lásìkò ọyẹ́, ọmọ kankan kò sì kúnlẹ̀ sórí òkúta mọ́. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí a jà á, n ò ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ pé hẹ́dímásítà ló jàre lórí ọ̀rọ̀ kíkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àsíá. Àmọ́ agogo la bá jà, a kò bi ẹnikẹ́ni pé ibo ni ọmọ yóò wà kí agogo tó lù. Bàbá Ìkòyí nìkan ló bi wá, a sì fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti di olóògbé báyìí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí ẹ tó kọ aago tí ẹ fẹ́ sínú ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn.

Sálámátù ń ránṣọ nísinsìnyí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Lánàá ni mo lọ bá a pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣé kí n dárúkọ rẹ̀ tàbí kí n fi í bò. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ẹ dárúkọ mi, Bàbá," ló wí. "Ẹ má ṣáà kọ ọ́ pé ọyẹ́ ló ṣe mí."